Ta Ni Yóò San Owó Ọjọ́ Òjò?

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù nínú oṣù Keje ní àdúgbò wa, lẹ́yìn Ajah, níbi tí títì Badore gbà lọ sí etí ọ̀sà, tí òjò sì ti fi gbogbo òru lu páànù orí ilé, yóò gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ti àkùkọ, tí kì í sì í ṣe ti apèrun: ìró irin lórí irin ni, ko, ko, ko, láìyára, bí ẹni pé ẹni tí ń lù ú mọ̀ pé ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò pẹ́ kí ó tó ṣú. Ìdílé kan ni ó ń ha kọnkéré gbígbẹ kúrò nínú ikùn míkísà wọn. Bàbá mú òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ dání. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ká jọ sínú ìlù irin náà bí ìgbín nínú ìkarahun, ó ń fi ọwọ́ kó èérún jáde. Ìyá wọn jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì gbé fóònù kan lé orí àpótí níwájú ara rẹ̀, síbi tí omi kò lè ta dé. Fóònù yẹn ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Bí ó bá dún, òòlù á dúró, ọmọ á yọrí láti inú ìlù, ẹ̀wà á dúró ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ni ó ń polówó ọjà wọn, òòlù á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wà ní òpópónà wa tí wọ́n máa ń gba iwájú ilé yìí kọjá ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á wo àwọn géńdé mẹ́ta tí ó na ara wọn sórí pákó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á mirí, tí wọ́n á sì sọ pé Èkó ti kún fún ọ̀lẹ jù. Àwọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Èmi pẹ̀lú wà lára wọn nígbà kan rí, n óò sì jẹ́wọ́ tèmi bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀.

Ọkùnrin tí mo ń wí yìí, Bàbá Onímíkísà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Pọ́bẹ̀ ni orírun rẹ̀, ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń fi Faransé kọ́ ọmọ nílé ìwé. Ó pẹ́ tí ó ti wọ Èkó, Èkó àrómisá lẹ́gbẹlẹ̀gbẹ, Èkó tí ń gba àlejò bí ẹni gba omi sínú agbada. Òun kì í ṣe bíríkìlà, kì í ṣe káfíńtà, kì í sì í ṣe kọngílá. Iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí wọ́n wọ́ míkísà wọn tọ ẹni tí ilé rẹ̀ ti tó da dẹ́kìn lọ, kí wọ́n dà á tán láàárín ọjọ́ kan, kí wọ́n gba owó wọn, kí wọ́n sì kọrí sí ibòmíràn. Lónìí Langbasa, lọ́la Ogombo, lọ́tùn-únla Sangotedo. Wọn a lọ sí Abijo, wọn a lọ sí Awoyaya, wọn a gba Lakowe àti Bogije kọjá títí wọn yóò fi kan Eleko, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn òkun. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ó ní, àti ọmọ àbúrò kan, àti ọkọ ọmọ kan; ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, wọn a lọ pe àwọn ará Pọ́bẹ̀ àti àwọn Ègùn tí ń bẹ ní àyíká, wọn a di ọgbọ̀n, wọn a tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tọkọtaya kan wà tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìkórè àlìkámà, tí wọn kò sì ní oko. Oko olóko ni wọ́n ń kórè. Nínú oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Texas, wọn a sì máa tẹ̀lé ọkà bí ó ti ń gbó lọ sí apá àríwá títí wọn yóò fi kan ààlà Canada, tàwọn tọmọ wọn, nínú ilé onítáyà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ọdún 1944, ilé iṣẹ́ Massey-Harris ta 500 ẹ̀rọ fún irú wọn, kí ọkà má bàa jẹrà sóko nígbà tí àwọn géńdé wà lójú ogun. Iye ilẹ̀ tí wọ́n bá kórè ni a fi ń sanwó fún wọn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rẹ ọkà, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ oko, gbogbo ìdílé á wá jókòó sínú ilé onítáyà, wọn a máa wo ojú ọ̀run. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn wọn, ìdílé Bàbá Onímíkísà ni ó sọ sí mi lọ́kàn, àfi pé àwọn tibí kò ní táyà lábẹ́ ilé wọn.

Ẹni tí kò bá rí wọn rí ní ọjọ́ dẹ́kìn kò tíì mọ̀ wọ́n. Aago márùn-ún ìdájí ni ọkọ̀ yóò ti so míkísà mọ́ ìdí. Kí oòrùn tó yọjú, ẹ̀rọ ti ń ké, èéfín dísẹ́ẹ̀lì ti bo ojú, ẹni tí ń bu yanrìn ń bù, ẹni tí ń ya àpò sìmẹ́ńtì ń yà á, àwọn tí ń gbé páànù rùgùdù lórí sì ti tò bí ìjàlọ láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè orí pákó. Páànù sìmẹ́ńtì kan, ti yanrìn méjì, ti gíránáìtì mẹ́rin: ẹnìkan ni ó ń kà á, kò sì gbọdọ̀ ṣì í kà. Kò sí ìsinmi níbẹ̀, nítorí pé sìmẹ́ńtì tí omi bá ti kàn ti ń ka àkókò tirẹ̀, láàárín wákàtí kan sí méjì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí a bá sì da ìlàjì dẹ́kìn lónìí tí a ní kí ìlàjì di ọ̀la, ibi tí tàná ti pàdé tòní ni omi yóò máa gbà wọ iyàrá títí ayé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọrin, tí wọ́n fi ń sáré, tí wọ́n fi ń jẹun lórí ìdúró. Iye àpò tí wọ́n bá dà ni a fi ń ṣírò owó wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá fọ páànù tán, tí onílé fún wọn ní ọtí tàbí mínírà, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ti gba tiwọn lọ (àwọn tí wọn kò gbé páànù kan, òfin ọdún 2016 ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó de jàǹdùkú ilẹ̀ kò sì tíì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ní gbogbo ibi), ẹ óò rí géńdé tí ó sùn lọ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

Ọjọ́ dẹ́kìn nìyẹn. Ọjọ́ mélòó ni ó wà nínú ọdún? Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, bí ọyẹ́ bá dé tí ilẹ̀ gbẹ, fóònù orí àpótí yẹn kì í sinmi. Wọ́n lè da mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí oṣù Kẹrin bá wọlé, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò; ní oṣù Kẹfà yóò wá jókòó tì wá bí àna. Nínú oṣù Kẹjọ yóò dá díẹ̀, yóò sì tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ilẹ̀ wa yìí, òkun wà níhà gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà níhà àríwá, irà àti ẹrẹ̀ tí a da yanrìn bò sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi tí ó bá bọ́ sí i kì í rí ọ̀nà lọ. Ta ni kò rántí oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí omi gba títì Lẹ́kkí débi tí àwọn ènìyàn fi ń tu ọkọ̀ ojú omi níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń sáré? Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ní kí a da kọnkéré, sìmẹ́ńtì ni ó fẹ́ fi tọrẹ fún ọ̀sà.

Bí ó bá jẹ́ òjò nìkan ni, wọn a ti mọ bí wọn ó ti ṣe é. Òjò ní àsìkò, ẹni tí ó ní àsìkò ṣeé dúró dè. Èyí tí kò ní àsìkò ni ó ń pa wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, owó ọkọ̀ tí ń wọ́ míkísà kò tún padà sí bí ó ti wà mọ́. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ọjà, àwọn onílé tí ó ti gbé irin sókè bá fi irin sílẹ̀ fún ìpẹtà, wọ́n ní ó di ìgbà tí ojú bá là. Ní ọdún náà, oòrùn ràn, ilẹ̀ gbẹ, fóònù kò dún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọkọ̀ ńlá tún wà tí ikùn wọn ń yí lójú títì, tí wọ́n ń gbé kọnkéré pípò láti ilé iṣẹ́ wá, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá tu ú sókè. Ibi tí ọgbọ̀n ènìyàn ti ń làágùn tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́rin ti tó. Èmi kò ní bú ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kọjá ní ìsọdá Ajah, mo máa ń rí i tí àwọn ọmọ Bàbá Onímíkísà máa ń fi ojú sìn ín títí yóò fi pòórá lójú wọn.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní ìgbà ìjókòó? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kì í ṣe ohun tí mo rò. Bàbá yóò kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì ẹ̀rọ, yóò nù ún, yóò fi ọ̀rá wé e, yóò gbé e sábẹ́ ibùsùn ara rẹ̀ bí ẹni gbé aṣọ òkè. Ó ní eku ti jẹ ọ̀kan rí, owó tí ó fi ra òmíràn kò sì dára láti máa rántí. Yóò fi gíríìsì pa gbogbo oríkèé irin, yóò tú nọ́ọ̀zù, yóò fẹ́ ẹnu sí i. Ògún kò fẹ́ ìpẹtà. Ẹni tí irin ń bọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ irin. Àwọn géńdé á lọ wo gọ́tà tí ó dí ní ẹsiteeti, wọn a kó o fún iye tí wọ́n bá fi lọ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ tí omi bá gba àdúgbò, wọn a fi ẹ̀yìn pọn àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gba inú ẹ̀kún omi kọjá kí bàtà wọn má bàa rẹ. Àkọ́bí máa ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀ ní irú àsìkò yìí, ìyẹn sì ni ó ń gbé ilé ró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní gbogbo Etí-Ọ̀sà, tí Ajah wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀kadà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò sì ní kí ó padà wá. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí a ti ilẹ̀kùn náà, àwọn tí ń gba ibẹ̀ wọlé oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ni ó kù. Àkàrà òwúrọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ nígbà tí òjò bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì.

Wọ́n ń dá àjọ, ẹnikẹ́ni má rò pé wọn kò mọ ètò. Èésú tí Alùfáà Samuel Johnson ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 ni wọ́n ṣì ń dá, tí olúkúlùkù á dá iye kan náà, tí a ó sì kó o yí po. Bàbá máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ oòrùn ń bọ́, oṣù Kẹfà kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ibi tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí. Ilé tèmi ni ó mú mi mọ ìdílé yìí, ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo pè wọ́n fún ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, nítorí pé káfíńtà ti kan pákó tán, mo sì ń kánjú kí n tó ná owó náà sí ibòmíràn. Aago mẹ́fà kò tíì lù tí wọ́n fi dé, ènìyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo kà wọ́n, nítorí pé mo ń ro iye búrẹ́dì tí n óò rà. Wọ́n to páànù, wọ́n da omi sínú àgbá, wọ́n tan ẹ̀rọ wò. Nígbà tí ó di aago méje ààbọ̀, ìhà òkun dúdú bí ìdí ìkòkò, kí a tó wí kí a tó fọ̀, òjò dé, kò sì dá títí di ọ̀sán. Wọ́n dúró lábẹ́ pákó dẹ́kìn mi, omi ń jò sí wọn lọ́rùn láti àárín pákó, èmi sì wà nínú ọkọ̀ mi, mo gbé gíláàsì sókè. Nígbà tí ó pẹ́, mo sọ̀kalẹ̀, mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n máa lọ, pé a ó tún pè wọ́n.

“Kò burú, Alàgbà,” ni ó wí. “Ọlọ́run ló ni òjò.”

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé Ọlọ́run ló ni òjò. Mo fún wọn ní búrẹ́dì náà, mo sì lọ sílé. Ọdún méjì kọjá kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ fún mi, bí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, láìfi ẹ̀bi kan mi, pé ọkọ òun san owó ọkọ̀ tí ó wọ́ míkísà lọ àti èyí tí ó wọ́ ọ bọ̀ ní ọjọ́ náà, ó sì pín owó wíwọ ọkọ̀ fún àwọn tí ó pè láti Langbasa àti Ado. Ó yá owó náà ni, oṣù mẹ́ta ni ó sì fi san án. Ọlọ́run ló ni òjò lóòótọ́. Ta ló ni ọkọ̀?

Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Bí ó bá ṣe oòrùn ni, a ṣì lè fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tí ó wà lóòrùn yóò gbowó ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó wà nínú òjò ńkọ́? Ohun tí mo ń sọ kò ṣòro: ẹni tí ó bá pe ìdílé bẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n sì dé ní àkókò, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ènìyàn, kí ó san ìlàjì owó ọjọ́ fún wọn àti owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, ìbáà jẹ́ òjò ni ó dá iṣẹ́ náà dúró, ìbáà jẹ́ pé sìmẹ́ńtì kò dé, ìbáà jẹ́ pé onílé yí ọkàn padà sí ọkọ̀ oníkùn yíyí. Kí a pè é ní owó ìjókòó, kí a sì sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé míkísà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ iye orí àpò.

N kò mú un ti òkèèrè wá. Ẹ wo ọ̀wẹ̀ àwọn baba wa: ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀, yálà láti ro oko ni tàbí láti bo ilé àna, òun ni yóò bọ́ àwọn tí ó wá. Kí òjò tó dé, oúnjẹ ti wà lórí iná. Kò sí olójútì tí yóò da àmàlà padà sínú ìkòkò nítorí pé ojú ọ̀run ṣú. Ohun tí owó ṣe fún wa ni pé ó sọ oúnjẹ náà di nọ́ńbà, a sì ti rí ọ̀nà láti da nọ́ńbà padà sínú ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin pàápàá kò ṣàìmọ̀. Òfin Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè yìí, ní abala 17 rẹ̀, wí pé bí òṣìṣẹ́ bá yọjú síbi iṣẹ́ tí ara rẹ̀ sì le, tí agbanisíṣẹ́ kò fún un ní iṣẹ́ ṣe, kí ó san owó ọjọ́ náà fún un. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí ó ju agbára agbanisíṣẹ́ lọ ni ó dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: owó ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí ó kọ òfin náà mọ̀ pé ẹni tí ó ti gbéra nílé ti náwó. Ihò tí ó wà níbẹ̀ ni pé Bàbá Onímíkísà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni; agbàṣẹ́ṣe ni, òfin náà sì ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹyẹ. Ní Jámánì, ọdún 1959 ni wọ́n ti gbé owó ojú ọjọ́ burúkú kalẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́lé, kí ìgbà òtútù má bàa lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́. Ọ̀nà wa jìn sí ìyẹn, n kò sì ní kí a dúró de ìjọba kí a tó ṣe ohun tí ojú tì wá láti má ṣe.

Wọn yóò dá mi lóhùn pé owó tí àwọn onímíkísà ń gbà lórí àpò ti ga tó láti gbé ọjọ́ òjò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹni tí ó bá ti bá wọn nájà rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tí ó ti já a wálẹ̀ títí tí Bàbá fi dákẹ́, kí ó sọ fún mi ní òtítọ́ bóyá ó fi ọjọ́ òjò sínú iye tí ó fi lọ̀ ọ́. Wọn yóò tún ní onílé náà ń jìyà, pé ẹni tí ó yáwó kọ́lé kò ní ẹ̀kún òmíràn láti sun. Òótọ́ ni, ẹ̀rí ọkàn mi sì gbà fún wọn. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n ilé onílé wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú pákó rẹ̀ àti irin rẹ̀. Ọjọ́ tí ó lọ lọ́wọ́ agbàṣẹ́ṣe ti lọ nìyẹn.

Ó sì ní ohun kan tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba onílé ju ìlàjì owó lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdílé tí ó mọ̀ pé bí òun kò bá da dẹ́kìn lónìí òun kò ní gba kọ́bọ̀, bí òjò bá ń ṣẹ́ wẹliwẹli, yóò ní kò le, yóò ní a lè fi ọ̀rá bò ó, yóò dà á. Omi òjò yóò bọ́ sínú àdàpọ̀ tí ẹnìkan ti ka omi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò fọ sìmẹ́ńtì kúrò lójú rẹ̀, dẹ́kìn náà yóò sì gbẹ, yóò dán, kò sí ojú tí yóò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 28 ni a máa ń kà kí a tó fi agbára kọnkéré yangàn, ìjọba Èkó sì ní ilé àyẹ̀wò tí ń tẹ̀ ẹ́ wò. Mélòó nínú wa tí ń kọ́lé ní Sangotedo ni ó gbé nǹkan kan lọ síbẹ̀ rí? Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2016, ilé alájà kan wó ní Lẹ́kkí, ó pa ènìyàn tí ó ju ọgbọ̀n lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ti Ìkòyí wó, alájà mọ́kànlélógún, àwọn tí ó kú sì lé ní ogójì. N kò sọ pé òjò tàbí ebi agbàṣẹ́ṣe ni ó fa èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó wà lórí dẹ́kìn tí ó lè wo ojú ọ̀run kí ó sọ pé, “Kò ṣeé dà lónìí,” a sì ti ṣètò owó rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀rọ̀ yẹn yóò fi jẹ́ èyí tí ó wọ́n jù ní ẹnu rẹ̀.

Mo ti san gbèsè tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Bàbá kò fẹ́ gbà á; ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyàwó rẹ̀ ni ó na ọwọ́, tí ó kà á lójú mi, tí ó sì sọ pé ó kù díẹ̀. Ẹ̀rín pa wá, mo sì kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, òjò dáwọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn yọjú bí ẹni tí ó ṣìnà. Mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo lọ gba àkàrà, nígbà tí fóònù orí àpótí dún. Kì í ṣe oníléeṣẹ́ fóònù. Ẹnìkan ní Abijo ni, ó fẹ́ da dẹ́kìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òòlù dúró, ọmọ yọrí láti inú ìlù, eruku sìmẹ́ńtì funfun lójú ìpéǹpéjú rẹ̀. Bàbá béèrè iye àpò, ó béèrè bí ọ̀nà ti rí, ó béèrè bóyá omi wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wò mí, ó sì wo ojú ọ̀run, níbi tí ìkùukùu kan ti ń gba orí òkun bọ̀, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni ó wí sínú fóònù náà, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tí ń tọrọ ohun tí kò tọrọ rí, “bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?”

A kò gbọ́ ohun tí ẹni ọ̀hún sọ. Ìyá di ẹ̀wà mọ́ ọwọ́, ó ń dúró.